Gbàgede Ìlú Jẹ́ Àgbàfipamọ́ Lọ́wọ́ Wa

KUTUBÁ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní fún ẹ̀dá, tí Ó sì la ọ̀nà sínú rẹ̀ kí á lè máa rìn. À ń dúpẹ́ fún Un, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ọba mìíràn tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāhu nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀. Ìpáyà Ọlọ́hun kò mọ sórí ẹní ìkírun. Ó ń bá ènìyàn jáde kúrò ní mọ́sálásí, ó ń bá a dé ọjà, ó ń bá a dé etí gọ́tà, ó sì ń bá a dé orí ilẹ̀ tí kò sí orúkọ ẹnìkankan lórí rẹ̀. Ibi ìkẹyìn yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí.

Ohun tí ń bẹ láyé pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ó jẹ́ tèmi wà, èyí tí ó jẹ́ tìrẹ wà, èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo wa sì wà. Ti àkọ́kọ́, olúkúlùkù ń tọ́jú rẹ̀. Ti èkejì, ìtìjú àti ìbẹ̀rù ẹjọ́ ń dá wa dúró níbẹ̀. Ti ẹ̀kẹta gan-an ni ìdánwò. Ẹni tí ó bá jí ewúrẹ́ aládùúgbò, ilẹ̀ kò ní ṣú kí olóhun tó pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ògiri rẹ̀ sún sí ojú ọ̀nà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, ta ni yóò pariwo? Ẹni tí ó bá da pàǹtí sí gọ́tà ní òru, ta ni yóò mú un? Olóhun kò sí nítòsí, nítorí pé gbogbo wa ni olóhun. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé Ọlọ́hun wà nítòsí.

Ẹ̀yin ará, orúkọ àwọn Ẹ̀gbá wà nínú orúkọ àdúgbò wa yìí, Ijegun-Ẹ̀gbá. Ẹ jẹ́ kí á gba ẹ̀kọ́ lára àwọn tí a ń fi orúkọ wọn pe ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1830 ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ àpáta Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ aṣíwájú wọn. Wọ́n mọ odi yí ìlú ká, wọ́n gbẹ́ iyàrà sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi oníbodè sí ẹnu ibodè. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì kógun dé ní oṣù Kẹta ọdún 1851, odi yẹn ni àwọn ará ìlú fi ṣe asà tí wọ́n fi lé wọn padà. Wọ́n tún dé ní ọdún 1864, a sì tún lé wọn padà.

Odi yẹn kì í ṣe ti ìdílé kan. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé apá tí ó wà lẹ́yìnkùlé òun jẹ́ tòun, kí ó sì gbẹ́ amọ̀ lára rẹ̀ fi mọ ilé. Bí ó bá gbẹ́ ẹ, ihò náà kò ní mọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Gbogbo ìlú ni ọ̀tá yóò gba ibẹ̀ wọ̀. Àwọn àgbà wa ló sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Lónìí, díẹ̀ ni ó kù nínú odi náà. Ogun kọ́ ló wó o. Nígbà tí ogun tán, tí ẹnikẹ́ni kò rí i bí ohun tí ó yẹ kí òun tọ́jú mọ́, òjò, ọkọ́ àti ilé kíkọ́ ló jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ìlú olódi mìíràn, èyí tí ó jẹ́ ìlú àwọn mùsùlùmí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Káírò ni, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ọdún 969 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ibẹ̀ ni mọ́sálásí Al-Azhar wà, orísun ìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ àwọn olùkọ́ wa ti mu. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Salāhud-Dīn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi ńlá kan yí ìlú náà ká. Nígbà tí ó pẹ́, tí ogun kò dé ìhà ìlà oòrùn mọ́, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí sí ẹ̀yìn odi. Ẹnìkan da agbọ̀n kan, èkejì da agbọ̀n kan. Wọ́n dà á fún bí 500 ọdún. Ààtàn náà di òkè, òkè náà sì bo odi mọ́lẹ̀. Àdúgbò tí ó fara ti odi náà, tí wọ́n ń pè ní Darb al-Ahmar, ibi tí àwọn mọ́sálásí àtijọ́ tí ó lẹ́wà wà, di àdúgbò àwọn aláìní tí ilé wọn ń wó lé wọn lórí.

Ní ọdún 1984, Aga Khan, olórí àwọn Ismā'īlī, ṣe ìlérí pé òun yóò fi ọgbà kan ta àwọn ará Káírò lọ́rẹ. A mọ̀ pé òye ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere kì í di búburú nítorí ẹni tí ó ṣe é. Orí òkè ààtàn yẹn ni wọ́n fún un, ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 30. Kò rọrùn. Iyọ̀ ti ba erùpẹ̀ ibẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní láti dúró kí ìjọba parí agbada omi ńláńlá mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ náà fún omi mímu ará ìlú. Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kó pàǹtí àti erùpẹ̀ kúrò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n ti ń wa ilẹ̀, odi Salāhud-Dīn jáde sí gbangba, nǹkan bí kìlómítà kan àtààbọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a ń da pàǹtí, odi náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2005 ni wọ́n ṣí ọgbà náà fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì pè é ní ọgbà Al-Azhar. Ọmọdé ń sáré níbẹ̀, arúgbó ń jókòó lábẹ́ igi níbẹ̀, owó kékeré tí àwọn àlejò ń san lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò parí sórí òdòdó àti koríko. Wọ́n wọ inú Darb al-Ahmar, wọ́n tún mọ́sálásí ṣe, wọ́n tún ilé àwọn ènìyàn ṣe, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ òkúta gbígbẹ́, kí ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ àdúgbò ni yóò tún àdúgbò ṣe. Wọn kò ní kí àwọn tálákà kọ́kọ́ kó jáde kí ibẹ̀ tó lè lẹ́wà.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí mú nínú èyí. Èkínní, agbọ̀n kọ̀ọ̀kan ló di òkè. Kò sí ẹnìkan tí ó pète láti bo odi. Èkejì, ohun rere tí a bò mọ́lẹ̀ kì í kú. A lè wú u jáde bí a bá ní sùúrù. Ẹ̀kẹta, àtúnṣe tí ó bá lé aláìní kúrò, a kò ì tí ì tún nǹkan kan ṣe.

Àtúnṣe kì í sì í ṣe ohun ẹ̀ẹ̀kan. Ní ìlú Djenné, ní ilẹ̀ Málì, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́sálásí ńlá wọn, èyí tí ó wà níbẹ̀ lónìí sì ti wà láti ọdún 1907. Òjò ń fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Bí ọdún bá yí po, gbogbo ìlú á tú jáde: àwọn ọ̀dọ́ á máa sáré gbé amọ̀, àwọn obìnrin á máa pọn omi, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ mọlémọlé á máa darí wọn. Wọ́n á rẹ́ ẹ títí yóò fi dán. Bí wọ́n bá fi ọdún díẹ̀ jókòó wo ara wọn lójú, mọ́sálásí náà yóò yọ́ sínú ilẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo, kí ni ẹ̀sìn wa sọ? Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ẹ̀ka ìgbàgbọ́ lé ní 60 tàbí 70, àti pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára rẹ̀. Ó sọ fún wa nípa ọkùnrin kan tí ó rí ẹ̀ka ẹ̀gún lójú ọ̀nà, tí ó sì gbé e kúrò, tí Ọlọ́hun fi èyí forí jì í. Ó kìlọ̀ pé kí á yẹra fún ohun tí ń fa ègún wá, ìyẹn ni kí ènìyàn máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí etí omi, sí ojú ọ̀nà, àti sí ibòji tí àwọn ènìyàn ń sinmi sí. Ó tún sọ pé ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ níwọ̀n ìka ọwọ́ na, a óò fi ilẹ̀ méje kọ́ ọ lọ́rùn ní ọjọ́ àjíǹde. Nígbà tí àwọn sàábé sì sọ fún un pé àwọn kò lè ṣe aláìjókòó sí ojú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ọ̀nà ní ẹ̀tọ́. Nínú Súrà Al-A'rāf ẹ̀wẹ̀, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti ba ilẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn tí a ti tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀sìn bojú gba ilẹ̀. Nígbà tí Sayyidinā Umar fẹ́ fẹ mọ́sálásí Ànábì lójú ní Mọdínà, ilé Abbās, àbúrò bàbá Ànábì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Umar fẹ́ ilé náà, Abbās kọ̀. Umar ni olórí gbogbo mùsùlùmí, mọ́sálásí Ànábì ni ó sì fẹ́ fẹ̀. Síbẹ̀ kò fi agbára gbà á. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Ubayy ọmọ Ka'b, ìdájọ́ sì gbe Abbās. Lẹ́yìn tí ẹjọ́ gbè é tán, Abbās fúnra rẹ̀ wá fi ilé náà sílẹ̀ fún àwọn mùsùlùmí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún mọ́sálásí Ànábì, báwo ni yóò ti rí fún tiwa?

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àyíká wa. Ní ọdún 1977, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní di ọjọ́ 12 oṣù Kejì, àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí ìlú Èkó fún àjọ̀dún àṣà. Ìlú Festac, aládùúgbò wa, ni wọ́n kọ́ láti fi gba àwọn àlejò náà, kí àwọn ará ìlú sì máa gbé e lẹ́yìn náà. Kò ní odi bí ti Káírò, ṣùgbọ́n wọ́n wọn ọ̀nà rẹ̀, wọ́n la gọ́tà rẹ̀, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ilé fún igi àti fún àwọn ọmọdé. Ẹ rìn yí ibẹ̀ ká lónìí, ẹ rìn yí gbogbo Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ká. Níbo ni àwọn àyè náà wà? Ṣọ́ọ̀bù ti hù lórí ẹlòmíràn, ààtàn ti gba ẹlòmíràn, gọ́tà ti di ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn.

Ní Ijegun-Ẹ̀gbá níhìn-ín, àwọn táńkì epo ńláńlá yí wa ká, ọkọ̀ agbépo sì ń tò sójú ọ̀nà wa. Ẹ̀tọ́ wa ni láti bá àwọn aláṣẹ àti àwọn onílé-iṣẹ́ sọ ọ́, a kò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ní kí àwọn alágbára kúrò lójú ọ̀nà, kí òun náà kọ́kọ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ òun wà. Ẹ kò ì gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó, ní ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí ọ̀pọ̀ ilé sì wó. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á rí irú rẹ̀ mọ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ni ọkọ̀ panápaná ń gbà wọlé, gbàgede tí ó ṣófo ni ìyá ń gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ. Ilẹ̀ tí à ń pè ní ilẹ̀ lásán, kì í ṣe lásán.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí wúwo lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n orí mímúnbárì kò gbà kí á fi í pamọ́. Ọwọ́ àwa gan-an kò mọ́. Yàrá ìkẹ́rùsí tí ó wà lẹ́yìn mọ́sálásí wa yìí, orí gọ́tà àdúgbò ni a kọ́ ọ sí. Àwa ni a kọ́ ọ. A wí fún ara wa nígbà náà pé ti Ọlọ́hun ni, kò sí ẹni tí yóò bá Ọlọ́hun ṣe ẹjọ́. Ní àsìkò òjò tí ó kọjá, ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ wa, tí kì í ṣe mùsùlùmí, wá dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí wa gẹ́gẹ́ bí àṣà, bẹ́ẹ̀ ni ó dàgbà ju gbogbo wa lọ, ó wá wí pé: “Ẹ̀yin Àáfà, ẹ má bínú o. Omi tí ẹ fi ń ṣe àlùwàlá ló ń wọ yàrá mi.”

Ojú tì wá. Omi tí à ń fi wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù kúrò lára wa ló ń rẹ ẹní ìsùn ìyá náà. Ànábì sọ fún wa pé ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ kò bá bọ́ lọ́wọ́ ìnira rẹ̀ kò ì tí ì gbàgbọ́, ó sì fi Ọlọ́hun búra lé e lórí. Kò sọ pé aládùúgbò tí ó bá jẹ́ mùsùlùmí nìkan.

Kí ọ̀rọ̀ ìyá yìí tó dé, ètò kan tún wà nílẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa tí ó wà ní iwájú wa, tí àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, a ti ń ronú láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, kí owó ilé mọ́sálásí lè máa wọlé. Àwọn kan nínú yín ti san owó sílẹ̀. Èrò náà kò burú lójú. Àtúnṣe òrùlé ń bẹ nílẹ̀, owó sì nílò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa. Owó ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa, a kò lè fi kan òrùlé sórí àwọn tí ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun.

Nítorí náà, Bàbá Lémọ́mù Àgbà àti àjọ alábòójútó mọ́sálásí ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun mẹ́rin. A óò wó yàrá ìkẹ́rùsí náà, a óò sì ṣí gọ́tà náà sílẹ̀. Ọ̀la, ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. A óò tún ilẹ̀ yàrá ìyá náà ṣe láti inú owó mọ́sálásí, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí sàdáákà, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí gbèsè. Ètò ṣọ́ọ̀bù ti parí; ẹni tí ó ti sanwó, owó rẹ̀ yóò padà sí i lọ́wọ́ pé pérépéré. Ilẹ̀ gbalasa náà, a óò kó pàǹtí etí rẹ̀ kúrò, a óò gbin igi ibòji sí i, yóò sì máa jẹ́ ti gbogbo ọmọ àdúgbò, ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ onígbàgbọ́.

Àwọn ìyá tí ń ta àkàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní etí ilẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má lé wọn. A ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn yóò sún sí ìhà kan tí kò dí ọ̀nà, àwọn náà yóò sì máa gbá ibẹ̀. Ẹni tí ó bá rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ níbì kan ni yóò tọ́jú ibẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ wa nìyí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀; dájúdájú Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KUTUBÁ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ikẹ́ àti ọlà kí ó máa bá òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, nígbà tí omi dídùn ṣọ̀wọ́n ní Mọdínà, Sayyidinā Uthmān fi owó rẹ̀ ra kànga Rūmah, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Òun alára ń pọn nínú rẹ̀ bí ẹni gbogbo. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí wọ́n ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn ikú wa, sàdáákà járíyà ni. Ẹ̀rù ń bà wá pé ohun tí a bá gbà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, tí ìnira rẹ̀ ń bá a lọ lẹ́yìn ikú wa, yóò máa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ń tẹ̀lé ni wọ sàréè.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá dé ilé lónìí, kí olúkúlùkù dúró sí iwájú ilé rẹ̀, kí ó wo ibi tí ògiri rẹ̀ parí sí àti ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá ààlà, kí ó fà sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Kí a má gbé mọ́tò sójú ọ̀nà ní ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, bí ìrun tilẹ̀ ń lọ; ẹni tí ń gbé aláìsàn lọ ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ dúró dè wá títí a ó fi sálámà. Kí ẹni tí ó bá ní ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì mú un wá ní ọ̀la. Ẹni tí kò ní, kí ó mú ọwọ́ méjèèjì wá. Lẹ́yìn ti ọ̀la, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni a ó máa ṣe é, nítorí òjò kò ní ṣíwọ́ rírọ̀.

Ìwọ Ọlọ́hun, forí ohun tí a ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ àti èyí tí a ṣe pẹ̀lú àìmọ̀ jì wá. Ìwọ Ọlọ́hun, má ṣe fi ìjọsìn wa ṣe ìnira fún aládùúgbò wa. Ìwọ Ọlọ́hun, dáàbò bò wá lọ́wọ́ iná àti omi, dáàbò bo àwọn ọmọ wa lójú ọ̀nà, fún àwọn aláṣẹ wa ní ọkàn tí ń ṣàánú. Ṣe ìlú wa yìí, àti gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ibi ìfọ̀kànbalẹ̀. Kẹ́ àwọn òkú wa, wo àwọn aláìsàn wa sàn, fi ìyá àgbà náà sí ìkẹ́ Rẹ, kí O sì tọ́ ọ sí ọ̀nà rere pẹ̀lú wa.

Ẹ rántí Ọlọ́hun, Yóò rántí yín. Ẹ dúpẹ́ fún Un, Yóò ṣe àlékún fún yín. Ẹ dìde, kí á kírun.